Lọ́rà tó làágùn, àti ohun mìíràn tí ṣíńṣíń ọdún ti fi ojú mi rí

Alẹ́ ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá ọdún 2008 ni mo dín ṣíńṣíń ọdún àkọ́kọ́ nílé ọkọ. Ìbàdàn la wà, ní Mọ́kọ́lá, nínú ilé alájùmọ̀gbé tí ilé ìdáná rẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé. Mo fẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ pé ìyàwó tuntun yìí mọṣẹ́. Kìlò fùláwà mẹ́fà ni mo pò, ó sì ti di aago méjì òru kí n tó sọ agbada kalẹ̀. Mo fẹ́ pín gbogbo rẹ̀ kí a tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí náà n kò dúró de nǹkan kan. Bó ṣe ń jáde nínú òróró ló ń wọ inú lọ́rà. Mo ta á ní kókó, mo so ríbọ̀nù pupa mọ́ ọn lọ́rùn, mo tò wọ́n sórí tábìlì bí ọmọ iléèwé tó tò sórí ìlà. Ọgbọ̀n lọ́rà gééré. Mo dúró, mo wò wọ́n, inú mi dùn, mo lọ sùn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo lọ́rà ti làágùn. Omi wínníwínní ti lẹ̀ mọ́ ọn lára láti inú. Mo rò pé ọyẹ́ ló fà á. Mo fi aṣọ nu ìta rẹ̀, bí ẹni pé ìta ni omi wà, mo sì pín in.

Ní ọjọ́ kìíní ọdún tuntun, bí a ṣe parí ìsìn, ìyá àgbà kan nínú ẹgbẹ́ akọrin fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ìyàwó wa, a dúpẹ́ ṣíńṣíń o. Ẹ ò ní bínú, ṣé èyí tí wọ́n ń fi ọbẹ̀ jẹ ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú tì mí débi pé n kò mọ ọ̀nà tí mo gbà délé. Mo ṣí lọ́rà kan tó ṣẹ́kù fún wa. Ó rọ̀ bíi búrẹ́dì àná. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ tilẹ̀ ti bu.

Ohun tó bá gbóná ń mí, omi sì ni èémí rẹ̀. Bí ẹ bá de lọ́rà mọ́ ọn lórí, omi yẹn kò ríbi gbà jáde, ara ohun tó ti jáde wá náà ni yóò padà sí. Gbogbo ẹni tó bá ti bu ìrẹsì gbígbóná sínú kúlà ló mọ̀ pé ìdérí kúlà máa ń rọ̀jò. Èmi náà mọ̀ ọ́n fún ìrẹsì. N kò mọ̀ ọ́n fún ṣíńṣíń.

Ìyá mi dín ṣíńṣíń ọdún fún ohun tó lé ní ogún ọdún, n kò rí lọ́rà lọ́wọ́ wọn rí. Abọ́ táńganran ni wọ́n ń lò, èyí tí wọ́n ya òdòdó sí nínú. Wọ́n á bu ìrẹsì sí ọ̀kan, wọ́n á to ẹran adìyẹ lé e, wọ́n á bu ṣíńṣíń sí èkejì, wọ́n á fi aṣọ funfun tí wọ́n fi kóróṣé ṣe etí rẹ̀ bò ó, ó di orí ọmọ. "Ẹ gbé e fún Bàbá onílé. Ẹ kúnlẹ̀ o. Ẹ ní màmá ní ẹ kú ọdún." A ó kúnlẹ̀, a ó jíṣẹ́, a ó sì dúró kí wọ́n yí abọ́ padà. Abọ́ kì í padà wálé lófìfo. Ọsàn lè wà nínú rẹ̀, tàbí súìtì, tàbí ẹyọ owó tí a ti pín láàárín ara wa kí a tó dé ẹnu ọ̀nà ilé wa.

Ó pẹ́ kí n tó mọ ìdí tí ti ìyá mi kò fi bàjẹ́ rí. Kò ráyè bàjẹ́ ni. Láti ilé wa dé ilé Bàbá onílé kò ju ogún ìgbésẹ̀ lọ, ọ̀sán ọjọ́ náà sì ni wọ́n ń jẹ ẹ́ tán. Tèmi ń wọ mọ́tò. Ó ń dé ilé tí oríṣi mẹ́wàá ti dé ṣáájú rẹ̀, wọ́n á gbé e sórí fíríìjì, ó di ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kìíní, nígbà tí owó ti gbẹ nílé tí àwọn ọmọ ń wá nǹkan panu, kí ẹnikẹ́ni tó rántí pé ó wà níbẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni ẹ̀bùn mi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ojú ara mi ni mo ti ń di nǹkan fún láti ọjọ́ yìí wá, fún bí yóò ṣe rí lórí tábìlì mi lálẹ́ ọjọ́ 24. N kò rò ó dé ilé ẹni tó máa ṣí i.

Láti ọdún náà ni mo ti ń ronú ìdì láti ìgbà tí mo bá ti ń po fùláwà. Fún kìlò kan, gíráàmù bọ́tà 200 ni mo ń lò, ṣúgà náà 200, ẹyin méjì, iyọ̀ tíntín, nọ́tímẹ́ẹ̀gì tí mo bá fọwọ́ ara mi rin, àti mílíìkì tí kò ju èyí tí yóò jẹ́ kó dì mọ́ra lọ. Ẹni tó bá fẹ́ kí tirẹ̀ wú kó sì múlọ́, tó da ẹyin mẹ́rin àti mílíìkì rẹpẹtẹ sí i, kò jẹ̀bi, àmọ́ kí ó jẹ ẹ́ láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Èyí tí a fẹ́ fi tọrẹ gbọ́dọ̀ le díẹ̀. Iná náà gbọ́dọ̀ wọ́ọ́rọ́. Bí òróró bá gbóná jù, ìta rẹ̀ á ti pọ́n nígbà tí inú rẹ̀ ṣì tutù, omi tó sá pamọ́ sínú yẹn ló máa jáde síta nínú ike ní ọjọ́ kẹta. Ẹ kó o nígbà tó bá ti rí bí àwọ̀ oyin, nítorí pé nínú asẹ́ níbẹ̀ kò ní dẹ́kun pípọ́n. Òróró tí a ti fi dín ẹja tàbí dòdò kò sì yẹ ṣíńṣíń ẹ̀bùn. Ẹ lè má gbóòórùn rẹ̀ lónìí, ẹni tó máa ṣí i lọ́sẹ̀ mẹ́ta sí i á gbóòórùn rẹ̀.

Ìwé ìròyìn ni gbogbo wa ń tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kó lè fa òróró. Mo jáwọ́ ńbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo rí i pé ọ̀rọ̀ olóṣèlú kan ti tẹ̀ sára ṣíńṣíń mi, ó hàn kedere, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ lè kà á. Tádà ni yẹn, kì í ṣe oúnjẹ. Tíṣù ìnuwọ́ tó nípọn ni mo ń lò báyìí, tàbí ìwé búráùn tí kò ní ìkọ̀wé lára.

Lẹ́yìn náà ó di ìtutù. Mo ń tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sórí tíréè ńlá, kò gbọdọ̀ gun orí ara wọn, yóò sì wà bẹ́ẹ̀ di ọjọ́ kejì. Níbí ni eruku ọyẹ́ àti èèrà ti ń bá mi ṣọdún. Ti eruku, nẹ́ẹ̀tì tí a fi ń dáàbò bo ọmọ lọ́wọ́ ẹ̀fọn ni mo fi ń bò ó, aṣọ kò dára nítorí kì í jẹ́ kí atẹ́gùn kọjá dáadáa. Ti èèrà, ọgbọ́n àwọn àgbà ni: mo gbé agolo tòmátì mẹ́rin, mo bu omi sí wọn, mo ki ẹsẹ̀ tábìlì kọ̀ọ̀kan bọ inú wọn. Èèrà kò mọ omi wẹ̀. Ọmọ mi kan ni kò bẹ̀rù omi, ọwọ́ òun ni mo ń ṣọ́ jù.

Lọ́rà fúnra rẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀. Èyí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń ta gúgúrú kò dí atẹ́gùn dáadáa, ẹnu rẹ̀ tí a ta ní kókó sì ń mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi àbẹ́là àti ayùn irin lẹ ẹnu rẹ̀, bí àwọn tó ń ta ẹ̀pà ṣe ń ṣe: ẹ ó ṣẹ́ ẹnu lọ́rà lé ẹ̀gbẹ́ ayùn, ẹ ó jẹ́ kí etí rẹ̀ yọ bí ìbú èékánná ọmọdé, ẹ ó wá fà á kọjá lára iná lẹ́ẹ̀kan, wàrà. Bí ẹ bá dúró pẹ́, ihò. Bí ẹ bá yára jù, kò lẹ̀. Mo jó ọwọ́ lọ́dún tí mo kọ́ ọ, àpá rẹ̀ wà níbẹ̀ di òní. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan mo lọ ra síílà oníná kékeré ní Ògùnpa, èyí tí a ń fọwọ́ tẹ̀ bíi sítépílà ńlá. Ó dára, ó yá, ó sì ń jẹ́ kí iṣẹ́ mọ́, àyàfi pé iná ìjọba ló ń jẹ, iná ìjọba ò sì mọ̀ pé ọdún ń bọ̀. Àbẹ́là àti ayùn mi ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀.

Ohun kan wà tí ẹni tó tà á fún mi kò sọ, èmi ni mo fojú ara mi rí i. Bí òróró tàbí ẹ̀rún ṣíńṣíń bá wà lẹ́nu lọ́rà, ó lè dà bí pé ó ti lẹ̀, kò lẹ̀. Ẹ ó kàn rí i lọ́jọ́ kẹrin pé ó ti la ẹnu. Mo wá ń ká páálí bí àrọ, mo ń ki í bọ ẹnu lọ́rà, ibẹ̀ ni ṣíńṣíń ń gbà kọjá kó má bàa fara kan etí rẹ̀. Bí mo bá sì lẹ̀ ẹ́ tán, mo máa ń tẹ ikùn rẹ̀ díẹ̀. Bó bá ń fọn wẹ́ẹ́, mo tún un lẹ̀.

Ti ike onídèérí, omi ni mo fi ń dán an wò kí n tó rà á. Mo máa ń gbé omi inú ọ̀rá lọ sọ́jà, mo máa bu díẹ̀ sí i, mo máa dé e, mo máa dorí rẹ̀ kodò níwájú ọlọ́jà. Àwọn kan ń bínú. Ìyá kan sọ fún mi pé, "Anti, ṣé ẹja lẹ fẹ́ sìn nínú ẹ̀ ni?" Àmọ́ ike tó bá ń jo omi yóò gba atẹ́gùn wọlé, ẹ̀bùn tó bá sì gba atẹ́gùn wọlé, owó fùláwà ti ṣòfò.

Òórùn ló fi ìyà jẹ mí jù. Lọ́dún 2011 mo fi ike kọ́sítáàdì tó ti tán di ti àwọn ará ilé ọkọ mi. Mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń dán. Ìwọ̀n ọ̀sẹ̀ kan, gbogbo ṣíńṣíń ti di fanílà. Ìyẹn ṣì dára, àwọn kan fẹ́ràn rẹ̀. Èyí tí kò dára ni ọdún kejì, nígbà tí mo fi ọgbọ́n orí kó ogún lọ́rà pamọ́ sínú àpótí aṣọ kí àwọn ọmọ má bàa rí i. Mo gbàgbé pé mo ti sọ káńfọ̀ sáàárín aṣọ nítorí aáyán. Ọjọ́ mẹ́rin péré ló lò níbẹ̀. Bí mo ṣe fi ọ̀kan sẹ́nu báyìí, ó dà bí ẹni pé mo gé aṣọ òkè bàbá mi jẹ. Káńfọ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń jẹ, n kò sì lè fún ẹnikẹ́ni. Ogún lọ́rà wọ ààtàn ní ọjọ́ méjì sí Kérésìmesì. Ọkọ mi kò sọ nǹkan kan. Ó kàn wọ mọ́tò, ó lọ ra fùláwà mìíràn.

Ní 2015 a ra kúkà onígáàsì tó ní ófùnù, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í yan kúkì mọ́ ọn. Mo rò pé bí mo bá kó kúkì alátalẹ̀ àti ṣíńṣíń pọ̀ sínú ike kan, yóò wu ojú. Ó wu ojú lóòótọ́. Kúkì mi rọ̀ nínú, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, ṣùgbọ́n omi tó wà lára rẹ̀ ṣí lọ sí ara ṣíńṣíń, òórùn ata ilẹ̀ náà sì bá a lọ. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, ṣíńṣíń ti rọ̀, kúkì ti le, gbogbo wọn ń ta lẹ́nu bákan náà. Ohun rírọ̀ àti ohun gbígbẹ kò gbọdọ̀ sùn nínú yàrá kan. Bí mo bá fẹ́ kó wọn sínú ike kan báyìí, ọ̀kọ̀ọ̀kan á kọ́kọ́ wọ lọ́rà tirẹ̀, tí a ti lẹ lẹ́nu.

Kúkì tún ní àrùn kan tí ṣíńṣíń kò ní. Ó ń fọ́. Ní 2019 mo fi páálí kan rán ẹnìkan tó ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù sí àbúrò mi ní Peckham. Ẹni náà ní kìlò 23 lòun lè gbé, òun sì ti gbé 22, nítorí náà mo di ohun tí kò ju kìlò kan lọ. Mo to kúkì sísàlẹ̀, mo fi àyè sílẹ̀ lókè kó má bàa fún ara wọn. Àyè yẹn gan-an ló pa á. Gbogbo bí wọ́n ṣe ń ju báàgì, bẹ́ẹ̀ ni kúkì ń fò sókè tó ń já lulẹ̀ nínú páálí. Àbúrò mi fi fídíò ránṣẹ́: ó bu ṣíbí sínú àpò, ó da mílíìkì lé e, ó ń jẹ ẹ́ bíi kọnfuléèsì. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣé gan-an. Ó dùn o, ìyẹ̀fun ni mo kàn rí." Láti ìgbà náà, kí ohunkóhun tó kúrò nílé mi, mo ń gbé e sétí, mo ń mì í. Bí mo bá gbọ́ ìró, mo ṣí i, mo fún tíṣù pa, mo fi dí ibi tó ṣófo.

Èyí tí n kò lè fi ṣẹ̀rín ni ọ̀rọ̀ Alhaja. Ilé wọn àti tiwa dojú kọ ara wọn. Bí Iléyá bá dé, itan àgbò wọn ń wọ ilé wa kó tó wọ ilé àwọn ẹbí wọn kan. Bí Kérésìmesì bá dé, ti Alhaja ni mo ń kọ́kọ́ dì. Ní 2016 mo yan kúkì tí mo fi àjàrà gbígbẹ sí, mo sì rẹ àjàrà náà sínú burandí mọ́jú, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni obìnrin tó kọ́ wa lóúnjẹ ṣe ń ṣe é. Ó dùn, ó ń ta sánsán. Mo di í dáadáa, mo fi ríbọ̀nù wúrà sí i, mo ní kí ọmọ mi gbé e lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ Alhaja fúnra wọn sọdá wá. Wọ́n gbé ike náà dání lábẹ́ ìborùn, wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i. Wọ́n jókòó, wọ́n bèèrè àlàáfíà ọkọ mi, wọ́n bèèrè ti àwọn ọmọ, wọ́n yin ilé wa tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. Nígbà tó yá wọ́n ní, "Ọ̀rẹ́ mi, ẹ jọ̀wọ́, kí lẹ fi rẹ àjàrà yìí? Ọmọ mi obìnrin ní òun ń gbóòórùn nǹkan kan. Mo ní kò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin kò lè fún wa." Ẹnu mi gbẹ. Mo ní, "Alhaja, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Burandí ni." Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní, "Ó tán. A kò tíì jẹ ẹ́. Ẹ gbà, ẹ jẹ ẹ́ nílé yín, kó má ṣòfò." Wọ́n sì gbé ike náà sórí tábìlì mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń gbé ẹyin.

Wọ́n lè sọ ọ́ nù kí n má mọ̀. Wọ́n lè bínú. Wọ́n yàn láti wá sọ fún mi ní ìkọ̀kọ̀, kí n má bàa tún ṣe é fún ẹlòmíràn. Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ kọ ìwé mọ́ ara ike. Lónìí kò sí ohun tó ń jáde nílé mi láìní bébà lẹ́gbẹ̀ẹ́: ohun tó wà nínú rẹ̀, ọjọ́ tí mo ṣe é, bóyá ẹ̀pà wà níbẹ̀, àti ní lẹ́tà gàdàgbà, pé kò sí ọtí nínú rẹ̀. Bírò ni mo fi ń kọ ọ́, lédè wa, nítorí pé àwọn tí mo ń fún kì í ṣe aláṣẹ ọ́fíìsì. Àbẹ́là ni mo wá ń fi pa ojú ìwé náà nígbà tí mo bá kọ ọ́ tán, kí òróró ọwọ́ tàbí omi má bàa pa á rẹ́. N kò sì da ọtí sí ohun ẹ̀bùn mọ́, ì báà ṣe ti ẹlẹ́ṣìn wo.

Ẹ̀pà ní ìtàn tirẹ̀ tí kò gùn: ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án, ìyá rẹ̀ ló sọ fún mi kí n tó ṣe é, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Bàbá àgbà kan tí ìtọ̀ ṣúgà ń bá fínra, ẹ̀pà yíyan tí kò ní ṣúgà ni mo ń di fún wọn, nínú ike kan náà, pẹ̀lú ríbọ̀nù kan náà. Wọ́n sọ fún ọkọ mi pé ọdún mẹ́ta ni wọ́n ti ń gba ṣíńṣíń tí wọ́n ń gbé fún mẹ́gúáàdì.

Mẹ́gúáàdì náà kọ́ mi ní nǹkan. Títí di 2014 ìwọ̀n méjì ni mo ń dì: ike ńlá fún àwọn ẹni ńlá, lọ́rà kékeré fún ẹni tó ń gbálẹ̀, ẹni tó ń kó ìdọ̀tí, ẹni tó ń ṣọ́ géètì. Mo rò pé ọ̀rọ̀ owó ni, ó sì bójú mu. Lọ́jọ́ kan mo gbé tirẹ̀ fún un níwájú géètì, ike Dókítà tó ń gbé lókè sì wà lọ́wọ́ mi kejì. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó dúpẹ́, ojú rẹ̀ wá lọ sí ike yẹn, ó padà sí lọ́rà ọwọ́ rẹ̀. Kò ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Dókítà ń gba bíi márùn-ún irú rẹ̀ lọ́dọọdún. Ọkùnrin yìí, tèmi nìkan ló máa gbé lọ sílé. Láti ìgbà náà ìwọ̀n kan ni mo ń dì. Bí owó kò bá tó, gbogbo rẹ̀ ni mo ń dínkù.

Ó sì dínkù lóòótọ́ ní 2023. Wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù Karùn-ún ọdún náà, nígbà tí oṣù Kejìlá fi máa dé, fùláwà, bọ́tà, òróró, ike, gbogbo rẹ̀ ló ti gun òkè àjà. Mo jókòó ṣe ìṣirò, mo rí i pé ike àti ríbọ̀nù fẹ́ jẹ owó tó tó ti fùláwà. Kí ni èèyàn ń fi ríbọ̀nù ṣe? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú agolo mílíìkì àti ti tíì oníkòkó láti ọwọ́ àwọn aládùúgbò. Agolo dára ju ike lọ ní tòótọ́: ìmọ́lẹ̀ kò ráyè wọ inú rẹ̀, òróró ara ṣíńṣíń kì í sì tètè rùn. Àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ sá a sóòrùn títí omi abẹ́ etí rẹ̀ fi gbẹ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò dípẹtà. Aránṣọ mi fún mi ní àjákù àǹkárá lọ́fẹ̀ẹ́, mo fi ògì tí mo sè bíi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara agolo. Mo ti ń tijú kí n tó pín in. Kò sí ọdún tí wọ́n yìn mí tó ọdún yẹn. Ní ilé mẹ́rin ó kéré tán, agolo mi ló ń gbé iyọ̀ tàbí abẹ́rẹ́ àti òwú títí di ìsinsìnyí.

Ní 2024 Alhaja ní kí n bá wọn dín ti Iléyá fún àlejò wọn. Mo ní kò le, ohun tí mo ti ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́. N kò rántí pé Kérésìmesì ò kúrò nínú ọyẹ́ láéláé, ṣùgbọ́n Iléyá ń fi bí ọjọ́ mọ́kànlá tètè dé sí i lọ́dọọdún, ó sì ti bọ́ sínú òjò báyìí. Ọjọ́ 16 oṣù Kẹfà ni ọdún yẹn bọ́ sí. Ṣíńṣíń kan náà, ọwọ́ kan náà, ike kan náà: èyí tó ń lo oṣù kan lóṣù Kejìlá láìṣe nǹkan kan, ó rọ̀ lọ́jọ́ karùn-ún. Títẹ́ tí mo tẹ́ ẹ di ọjọ́ kejì ló kó bá a, inú atẹ́gùn òjò ni mo fi sùn sí. Lásìkò òjò, bó bá ti tutù tán pátápátá, bíi wákàtí mẹ́ta, kó yára wọlé ni. Kí ó sì jẹ́ lọ́rà kéékèèké, kí ẹni tó ṣí ọ̀kan jẹ ẹ́ tán lọ́jọ́ náà. Èyí tó ti rọ̀, mo gbà á padà, mo fi sínú ófùnù oníná tíntín fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo jẹ́ kó tutù, ó tún ń rún wọ́mú-wọ́mú. Ẹni tí kò ní ófùnù lè fi páànù gbígbẹ yí i lórí iná kékeré. Èyí tó bá ti bu nìkan ni kò ní oògùn.

Kérésìmesì ọdún náà, ike onídèérí aláwọ̀ ewé ni mo fi di ti Alhaja, nítorí mo mọ̀ pé wọ́n fẹ́ràn àwọ̀ náà. Mo lẹ bébà mọ́ ọn gẹ́gẹ́ bí ìṣe: ṣíńṣíń, ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá, kò sí ẹ̀pà, KÒ SÍ ỌTÍ NÍNÚ RẸ̀. N kò rí ike náà mọ́, n kò sì bèèrè.

Ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà ọdún 2025, ọ̀sán Iléyá, ọmọ ọmọ wọn kan ìlẹ̀kùn. Ó kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ike aláwọ̀ ewé lérí. "Ẹ kú ọdún, mà. Màmá àgbà ní ike yín nìyí." Ó wúwo, ó ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo ṣí i: ẹran àgbò díndín ló kún un dé ẹnu. Bébà mi ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àbẹ́là kò jẹ́ kó parẹ́. Nísàlẹ̀ ibi tí mo kọ ọ̀rọ̀ ọtí sí, Alhaja ti fi bírò pupa kọ tiwọn: "Tiwa náà kò ní."